Ṣé ohun kan náà ló ń sọ ọmọ ènìyàn di aràrá tó sì ń mú kí ìrẹsì kúrú?
Ará Ìgbẹ́mọ-Èkìtì kan tó ń gbin ìrẹsì ló béèrè èyí. Rárá o, jíìnì (àṣẹ inú ara ohun abẹ̀mí tó ń darí bó ṣe ń dàgbà) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lára ènìyàn, àyípadà nínú jíìnì FGFR3 ló sábà ń fà á: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó eegun tó ń dàgbà níjàánu, ṣùgbọ́n bó bá ti yí padà, ìjánu náà á le jù, eegun rírọ̀ tó wà létí eegun apá àti itan kò sì ní í gùn bó ti yẹ. Kì í ṣe èpè, ìyá kò sì jẹ̀bi rárá. Nǹkan bí ọmọ 8 nínú 10 tó ní irú àyípadà yìí ni òbí wọn méjèèjì ga bí ẹni gbogbo. Ní ti ìrẹsì kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní IR8, tó jáde lọ́dún 1966, jíìnì sd1 tó bàjẹ́ ló dín jibẹrẹ́líìnì kù, ìyẹn họ́mọ́nù tó ń mú kí igi rẹ̀ gùn, nítorí náà kì í tètè wó bí ọkà bá wúwo lórí rẹ̀.