Ẹ̀rù ta ló ń bà yín: ti Ọlọ́run ni àbí ti Bàbá Ìjọ?

LẸ́TÀ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni akápò ìgbìmọ̀ ìkórè ní ìjọ wa. Ìkórè tó kọjá mú 1,860,000 náírà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, alága wa, tí wọ́n tún jẹ́ Bàbá Ìjọ, ní kí n fún àwọn ní 400,000 náírà nínú rẹ̀, pé àwọn á dá a padà kí Kérésì tó dé. Mo kà á lé wọn lọ́wọ́, n kò sì sọ fún ẹlòmíì nínú ìgbìmọ̀. Títí di òní, n kò rí kọ́bọ̀. Ìpàdé ọdọọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá mú rísíìtì kánópì 30 wá pé kí n kọ owó náà sí i. Bẹ́ẹ̀, inú gbọ̀ngàn ìjọ la ti ṣe ìkórè! Bàbá yìí náà ló sì bá ọkọ mi wá iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, n kò rí ìdáhùn. Aríran kan ní kí n má fọwọ́ kan ẹni-òróró Ọlọ́run. Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí gan-an. Mo ti ń rò ó pé kí n yáwó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí n fi dí i. Ṣé mo tilẹ̀ lè máa jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa báyìí?
Akápò tí kò rí oorun sùn, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà yín. Ṣùgbọ́n a ka lẹ́tà yín láti òkè délẹ̀, ohun tí a rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọkọ yín, ojú Bàbá, àti ẹnu aríran. Ẹ kò sọ níbì kankan pé ẹ̀rù ń bà yín nítorí irọ́ tí wọ́n ní kí ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ̀rù ènìyàn nìyẹn, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló kàn wọ̀. Òwe 29:25 sì ti sọ pé ìkẹkùn ni irú rẹ̀ máa ń dẹ.

Gbogbo wa la ti ń ka Òwe 9:10 láti kíláàsì ọmọdé pé ìbẹ̀rù Olúwa ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọgbọ́n. Ibi tó ti hàn kedere ohun tí ìbẹ̀rù náà ń ṣe ni Léfítíkù 19:14: má ṣe bú adití, má ṣe fi ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú, ṣùgbọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run rẹ. Ẹ wò ó dáadáa. Adití kò ní gbọ́ èébú náà. Afọ́jú kò ní mọ ẹni tó gbé òkúta sọ́nà. Ibi tí ẹni tí a ṣe níbi kò ti lè mú wa gan-an ni Mósè fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run sí. Lọ́jọ́ ìpàdé ọdọọdún yín, irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìjọ máa wà. Ìyá arúgbó tó gbé àkùkọ wá fún gbàǹjo ìkórè máa gbọ́ "kánópì àti àga, 400,000 náírà," á sì pàtẹ́wọ́. Kò ní mọ nǹkan kan. Òun ni ẹ̀rù Ọlọ́run ń dáàbò bò lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún wo Nehemáyà. Ọdún 12 ló fi ṣe gómìnà ní Júdà. Àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀ máa ń gba oúnjẹ, wáìnì àti 40 ṣékélì fàdákà lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ̀tọ́ ipò ni wọ́n kà á sí, kò sì sẹ́ni tí ì bá bi í pé kí ló dé tó fi gbà á. Èsì tirẹ̀ wà ní Nehemáyà 5:15: èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ọkùnrin yìí kan náà ló gbọ́n jù nínú ìwé yẹn. Ó gbàdúrà fún oṣù bíi mẹ́rin kó tó la ẹnu sọ́rọ̀ níwájú ọba, ó gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, ó gba ìwé ọba sí ẹni tó ń ṣọ́ igbó ọba pé kó fún òun ní igi, ó sì fi òru yẹ odi wò pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ti bá a parí ọ̀rọ̀ "bóyá kí n ṣe é," ọgbọ́n wá ráyè gbọ́ ti "báwo ni màá ṣe é."

Ibẹ̀ ni ààwẹ̀ yín ti ṣì ọ̀nà. Ọjọ́ méje lẹ fi ń bi Ọlọ́run léèrè bóyá kí ẹ kọ irọ́. Ó ti dáhùn ìyẹn nínú Òfin Mẹ́wàá, ó sì tún un sọ ní Òwe 11:1 pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú òun. Kí ló tún kù tó máa sọ? Ẹ béèrè báwo, Jákọ́bù 1:5 tó ní kí ẹni tó ṣaláìní ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run á wá bá yín mu.

Ti aríran yẹn, ẹ ṣí Sáàmù 105 kí ẹ kà á láti ẹsẹ 12. Nígbà tí Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àjèjì nílẹ̀ onílẹ̀, ni Ọlọ́run sọ fáwọn ọba pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹni-òróró òun. Ààbò aláìlágbára ni lọ́wọ́ alágbára. A ti wá sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n ń fi bo àkáǹtì ìjọ, ó sì ń bí wa nínú. Sámúẹ́lì tó fi òróró yan ọba dìde níwájú gbogbo Ísírẹ́lì nínú 1 Sámúẹ́lì 12:3, ó ní kí wọ́n jẹ́rìí sí òun: màlúù ta ni mo gbà, ta ni mo rẹ́ jẹ? Ẹni-òróró tó mọ́ máa ń ní kí wọ́n wo ìwé òun.

Ó yá, báwo. Ẹ má kọ ohunkóhun sára rísíìtì yẹn, ẹ má sì ya á. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bírò kọ ìlà kan sínú ìwé owó: ọjọ́ tí ẹ san án, 400,000 náírà, "owó tí alága ìgbìmọ̀ gbà lọ́wọ́ akápò, kò tíì wọlé padà." Bí ẹ bá ti kọ ti kánópì síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà la á láàárín, kó ṣì ṣeé kà, kí ẹ buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá fi oje funfun pa á rẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí.

Lálẹ́ òní, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ yín. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Ohun kan tún wà tí ẹ kàn fẹnu bà lásán nínú lẹ́tà yín: ẹ̀yin lẹ kó owó náà jáde, láìjẹ́ kí akọ̀wé tàbí ẹlòmíì nínú ìgbìmọ̀ mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá. Òwe 28:13 ní ẹni tó bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì yóò ṣe rere. Ẹ fi tiyín ṣáájú nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá, torí bí ẹ bá fi ti Bàbá ṣáájú, ẹjọ́ ni wọ́n máa gbọ́, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.

Mátíù 18:15 ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá a ní ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Ẹ lọ sílé wọn ní ọ̀sán, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ. Ẹ má ka ẹsẹ Bíbélì sí wọn létí. Àgbà tí ọmọdé bá wàásù fún á bínú tán kó tó ronú. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Bàbá, ẹ ṣé o fún oore tí ẹ ṣe wá. Mo jẹ̀bi pé mo kó owó ìkórè síta láìjẹ́ kí ìgbìmọ̀ mọ̀, màá sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ 400,000 náírà yẹn sínú ìwé bó ṣe jẹ́, n kò lè kọ ọ́ sí kánópì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ wo la máa rí i?" Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa nira, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àwáwí bàjẹ́.

Ẹ fún wọn ní ọjọ́ méje, kó lè ku ọ̀sẹ̀ méjì sí ìpàdé. Bí wọ́n bá dá a padà, kó gba àkáǹtì ìjọ, kó má jẹ́ owó lọ́wọ́. Ìlà tó jáde àti ìlà tó wọlé, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ nínú ìwé, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá san díẹ̀, ẹ kọ díẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú akọ̀wé ìgbìmọ̀ àti alàgbà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í yọ̀ dání, bí Mátíù 18:16 ṣe wí, kó tó kan àlùfáà ìjọ. 1 Tímótì 5:19 kò gba ẹ̀sùn sí alàgbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ tọ́jú ìwé. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp ìjọ, ẹ má sì sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín nínú ẹgbẹ́ akọrin. Sáàmù 34 ní òun á kọ́ wa ní ìbẹ̀rù Olúwa, ahọ́n ló sì fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní ẹsẹ 13.

Owó alájẹṣẹ́kù ńkọ́? Rárá o. Ẹ máa jẹ gbèsè tí ẹ kò mọ̀dí, ìwé ìjọ á ṣì jẹ́ irọ́, alága á sì tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nísinsìnyí náà. Ẹ jíhìn tán ná, ẹni tó bá gbàṣẹ́ lọ́wọ́ yín á bá ìwé tó tọ́.

A kò ní tàn yín lórí iṣẹ́ ọkọ yín. Ó lè fara gbá a. Jósẹ́fù sọ ní Jẹ́nẹ́sísì 39:9 pé òun kò lè dẹ́ṣẹ̀ sí Ọlọ́run, ẹsẹ 20 sì bá a lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n oore ni Bàbá ṣe fún un yín, wọn kò yá a yín ní ìwọ̀fà. Kí ọkọ yín tètè tọ́jú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀, kó sì máa fojú wá ibòmíràn, láìpariwo.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ dábàá pé láti ìsinsìnyí, ènìyàn méjì tí kò bá ara wọn tan ni kó máa ka owó, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú kí wọ́n tó kúrò nínú yàrá, kó sì dé báńkì lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú 2 Àwọn Ọba 12:10, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà ló jọ ka owó inú àpótí. Pọ́ọ̀lù náà kò dá owó ọrẹ gbé. 2 Kọ́ríńtì 8:21 ní ohun tó dára níwájú Olúwa àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú ni àwọn ń lépa.

Ti oúnjẹ alẹ́ Olúwa: 1 Kọ́ríńtì 11:28 ní kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni kó sì jẹ. Kò ní kó sá fún un. Ẹ ṣàtúnṣe ìwé yẹn lọ́la, ẹ lọ rí Bàbá kí Sunday tó dé, kí ẹ sì lọ jẹ ẹ́, ohun yòówù kí wọ́n fi dá yín lóhùn.