Kí ni sumak kawsay?

Ẹnìkan béèrè bóyá ohun tí àwọn ará Ecuador ń pè ní sumak kawsay kò ju ìdàgbàsókè alágbèéró tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń polongo rẹ̀ lọ, tí wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà.

Rárá o. Èdè Kichwa ni, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní Ecuador, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kawsay ni ìyè tàbí ìgbé ayé. Sumak ni ohun tó dára, tó lẹ́wà, tó pé. Àwọn elédè Sípéènì túmọ̀ rẹ̀ sí buen vivir. Èmi ìbá pè é ní "ìgbé ayé rere", àmọ́ mo mọ̀ pé owó àti ilé alájà ni etí wa máa gbọ́ nínú ìyẹn. Ayé tí àwọn Kichwa ń sọ kì í ṣe ti ènìyàn nìkan. Odò, igbó àti ẹranko wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ilẹ̀, Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, kò ní í yà á lẹ́nu.

Ẹ wá wo "ìdàgbàsókè" tiwa: kí o dàgbà, kí o sì lọ sókè. Àkàbà ni. Lọ́dún 1949 ni Ààrẹ Truman ti Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ tó ń búra, sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gòkè. Gustavo Esteva, ará Mẹ́síkò, fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni bílíọ̀nù méjì ènìyàn di aláìgòkè. Nígbà tó di 1987, ìgbìmọ̀ Brundtland, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, ní kí a lo ohun tí a nílò láì jẹ tàwọn ọmọ tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìdàgbàsókè alágbèéró. Ìmọ̀ràn gidi ni, ṣùgbọ́n wọn ò gbé àkàbà kúrò, wọ́n kàn ní kí a máa rọra gùn ún. Carlos Viteri, ọmọ Kichwa láti Sarayaku, ìletò kan nínú igbó Amazon ní Ecuador, kọ ọ́ pé kò sí irú àkàbà bẹ́ẹ̀ rárá nínú èrò àwọn ènìyàn òun.

Ní 2008, Ecuador kọ sumak kawsay sínú òfin ilẹ̀ rẹ̀. Abala 71 sì fún Pachamama, ìyẹn Ìyá Ilẹ̀, ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kíkọ ò ṣòro. Epo rọ̀bì tó wà lábẹ́ igbó Yasuní ló dán wọn wò. Ààrẹ Correa ní kí ayé dá 3.6 bílíọ̀nù dọ́là fún àwọn, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 13 ló wọlé. Ní 2013 ó ní ó ti tó, kí wọ́n wà á, síbẹ̀ "buen vivir" ò kúrò lára ìwé ètò ìjọba rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2023 ni wọ́n tó bi àwọn ará ìlú, ìdá 59 nínú 100 sì dìbò pé kí wọ́n fi epo náà sílẹ̀ síbi tó wà.