Ṣé kí n ra kẹ̀kẹ́ oníná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi ń ná Ìwó Ròòdù sí Olódó, n'Íbàdàn. Epo ₦6,000 ni mò ń rà lójúmọ́. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ oníná lọ̀ mí, ó fi ₦1,500,000 wọ́n ju elépo lọ. Mo máa ní láti yáwó. Ṣé kí n rà á? Kí ló dé tó wọ́n báyìí, nígbà tí òkúta lithium tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì rẹ̀ wà nílẹ̀ wa?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, díẹ̀díẹ̀ lò ń ra epo: owó tó o pa láàárọ̀ lo fi ń ra tọ̀sán. ₦1,500,000 yẹn, epo bí oṣù mẹ́wàá ni, wọ́n sì ní kó o san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ₦5 lórí ₦100 ni èlé rẹ̀ lóṣù, ₦75,000 nìyẹn loṣù àkọ́kọ́, o ò tíì fọwọ́ kan ojú owó.

Iná dínwó ju epo lọ lóòótọ́. Kódà ní Band A, ìpele tí owó iná ti wọ́n jù, tí wọ́n gbé yúnìtì dé ₦225 lóṣù kẹrin 2024, yúnìtì mẹ́wàá kò tó ìdajì owó epo rẹ. Ṣùgbọ́n Band A nìkan ni wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún. Bó o bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i, epo náà lo ṣì ń rà.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe rìwáyà. Ẹnì kan gbé kẹ̀kẹ́ oníná wá bá mi lẹ́yìn oṣù 14 péré. Bátìrì olómi ásíìdì, irú ti mọ́tò, ni wọ́n tà fún un, gbogbo rẹ̀ ti kú. Owó ilé ìwé ọmọ ló fi ra òmíràn. Ó dùn mí dọ́kàn. Bi wọ́n kó o tó sanwó: ṣé lithium ni àbí ásíìdì?

Òkúta wà ní Nàsáráwá, àmọ́ òkúta kì í ṣe bátìrì. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di bátìrì ò gbọdọ̀ rí iná tó ń ṣẹ́jú. Ṣáínà ló ń ṣe ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin bátìrì lithium ayé lọ, dọ́là la sì fi ń rà á: dọ́là tí kò tó ₦500 ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ 2023, tó kọjá ₦1,500 lọ́dún kejì.

Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn tó ń gun ọ̀kadà oníná ilé iṣẹ́ Spiro kì í ra bátìrì. Wọ́n ń gbé èyí tó ti tán sílẹ̀, wọ́n ń gba èyí tó kún. Bó o bá rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ lọ́nà tí ò ń ná, rà á. Bí kò bá sí, fi elépo ṣiṣẹ́ ná, kó o máa dáwó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí èlé má baà jẹ ọ́ tán.