Bí Ìjọba Bá Fọwọ́ sí Igbó, Ṣé Ó Ti Di Halal?

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Mo ní oko kòkó lọ́nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ẹnìkan ní kí n yá òun ní ilẹ̀ níbẹ̀, pé bí àbádòfin tí wọ́n ń gbé kiri l'Ábùjá bá ti di òfin, igbó (ewé tí wọ́n ń fà) lòun máa gbìn, owó tó jọjú lòun á sì máa san. Ó ní tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi kan tún ní wárápá. Wọ́n ní òògùn rẹ̀ wà nínú ewé náà.

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām, Bàbá wa. Ilé-iṣẹ́ tó ń pọn bíà ti wà ní Iléṣà yìí fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ó níwèé àṣẹ, ó ń san owó-orí. Ta ni ẹ ti rí tó gbé ìgò rẹ̀ wọ mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ nítorí ìyẹn?

Òfin ìjọba ń yí. Lọ́dún 1966, àwọn ológun ṣòfin pé ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ni ti ẹni tó bá gbin igbó. Nígbà tó yá, wọ́n dín in kù. Ní báyìí, èrè orí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò.

Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé gbogbo ohun tó bá ń pani bí ọtí, ọtí ni, èèwọ̀ sì ni gbogbo ọtí. Imām Muslim ló gba hadiisi náà wá sínú ìwé rẹ̀. Sayyidinā Umar sọ lórí mínbárì pé ohun tó bá bo làákàyè lọ́tí. Kò ní inú ìgò nìkan ló gbọ́dọ̀ wà. Mo rí ọmọ mẹkáníìkì kan tó wá kírun Alásárì pẹ̀lú wa: ó sálámà ní ráká kejì, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń wá bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mu ọtí o, ó kàn fa igbó ni. Ẹ ka Sūratu n-Nisā', āyah 43: ẹ má sún mọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá ń pa yín.

Ewé fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi igi rẹ̀ ṣe okùn. Ẹni tó máa rà á ni kí ẹ bi í. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ òògùn tó níwèé àṣẹ ni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó àpò lóru ni, ẹ rántí pé ẹni tó ń jẹ owó ọtí wà lára àwọn mẹ́wàá tí Ànábì ṣẹ́ épè fún. (Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ owó í wá, kò sẹ́ni tó bá wa jà sí i.) Lónìí ná, àbádòfin kì í ṣe òfin. Ẹni tó bá gbìn ín báyìí, ẹ̀wọ̀n ló gbìn.

Ti ọmọ yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lọ́dún 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Epidiolex fún oríṣi wárápá ọmọdé méjì tó le. Inú ewé yìí ni wọ́n ti yọ ọ́, ṣùgbọ́n èròjà tí kì í yíni lórí ni. Kì í ṣe èéfín, kì í ṣe àgbo. Ẹ má se ewé kankan fún un rárá. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà níbí. Àwọn oògùn wárápá mìíràn wà tí dókítà máa kọ́kọ́ lò. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ràn án, tí dókítà ní èyí nìkan ló kù, āyah 173 nínú Sūratu l-Baqarah fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí inira ká mọ́.

Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn mú ìwé ẹni tó máa rà á wá. Bó bá bínú lọ, ẹ máa ro oko kòkó yín.

Wallāhu a'lam.