Èsì: Ṣé John Wayne sá fún ogun ni?

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ẹnìkan ń bá yín jiyàn bóyá John Wayne, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, sá fún Ogun Àgbáyé Kejì, àti lórí ohun tó sọ nípa aláwọ̀ dúdú. Kò rú òfin kankan, ṣùgbọ́n kò wọṣẹ́ ológun rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín jiyàn da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí Japan kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Hawaii, lóṣù Kejìlá ọdún 1941, ẹni ọdún 34 ni, ó sì ti bí ọmọ mẹ́rin. Nítorí ẹbí yìí ni ìjọba kò ṣe kọ́kọ́ pè é sójú ogun. Ibi tó dùn mí ni ọdún 1944: wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sára àwọn tí wọ́n lè pè sójú ogun, ni iléeṣẹ́ fíìmù Republic tó ń bá ṣiṣẹ́ bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ó sì dúró sílé. Òótọ́ ni pé ó lọ dá àwọn ọmọ ogun lára yá ní Pàsífíìkì. Àmọ́ Henry Fonda, òṣèré fíìmù bíi tirẹ̀, dàgbà jù ú lọ, ó lọ́mọ nílé, ó sì forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ojú omi lọ́dún 1942.

Ní ti ohun tó sọ fún ìwé ìròyìn Playboy lọ́dún 1971, pé kí aláwọ̀ funfun máa jọba lórí aláwọ̀ dúdú títí wọn yóò fi kàwé dé ìwọ̀n kan, ẹ lè ní “bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn” tó bá jẹ́ 1931 ló sọ ọ́. Ní 1971, òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti Amẹ́ríkà, tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, ti pé ọdún méje, wọ́n sì ti pa Martin Luther King, tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú. Ó mọ ohun tó ń sọ.