Wọ́n ní ẹgbẹ́ metalcore kan ń bọ̀ ní Ìkòròdú: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìgbógbó ni mí, ọmọ ọdún 24. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fẹ́ràn orin punk àti metalcore, àwọn orin gìtá aláriwo tí wọ́n máa ń fi igbe kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan fi ìpolówó kan sínú gúrúùpù WhatsApp wa pé ẹgbẹ́ ńlá kan láti Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá ṣeré ní Ìkòròdú. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦45,000, wọ́n ní ká kọ́kọ́ san ₦15,000 sílẹ̀ kí àyè má baà tán. Mo ti san tèmi lánàá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ san tiwọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Bàbá mi tiẹ̀ ní ó tọ́ sí mi, pé ariwo lásán ni mò ń ná owó lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìròyìn òótọ́ nípa ìrìn-àjò àwọn olórin yìí, níbo ni mo sì ti lè máa rí i fúnra mi?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pe báńkì rẹ ná kó o tó ka ìyókù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM rẹ ni kó o pè, kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ sí ọ. Sọ fún wọn pé o fura pé jìbìtì ni, kó o sì fún wọn ní ọjọ́, aago, iye owó àti orúkọ àkáǹtì tó lọ sí. Tí owó náà bá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i dí mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ti kó o jáde, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá tàbí EFCC, ìwé tí báńkì bá sì fún ọ ni wàá mú lọ bá wọn. Má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àtẹni náà jọ sọ rẹ́ lórí fóònù, má sì tíì fi ìbínú jáde nínú gúrúùpù yẹn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń háyà sípíkà àti míksà fún àwọn olórin, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, títí dé Badagry. Mo wo ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ dáadáa. Irọ́ ni, mi ò sì ní láti lọ jìnnà kí n tó mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ náà máa wà ní Berlin lọ́jọ́bọ̀, ní Ìkòròdú lọ́jọ́ Jímọ̀, ní London lọ́jọ́ Sátidé.

Ìrìn-àjò olórin, ọ̀nà ni. Bọ́ọ̀sì tó bá gbéra ní Ìkòròdú máa kọjá ní Májídùn, á dé Owódé, á kan Mile 12, kó tó dé Kẹ́tù àti Ọ̀jọ́tà. Tí kọ̀ńdọ́ kan bá dúró sí gáréèjì tó ń pè é ní "Májídùn, Badagry, Kẹ́tù", o ò ní wọ ọkọ̀ náà. Ojú yẹn gan-an ni kó o máa fi wo orúkọ ìlú tí ẹgbẹ́ olórin bá tò sílẹ̀. Ní Yúróòpù, o lè rí Hamburg lónìí, Berlin lọ́la, Prague lọ́túnla, kí Vienna tẹ̀ lé e. Hamburg sí Berlin ò ju bíi kìlómítà 290 lọ. Bí eré bá ti parí lóru, wọ́n á kó ẹrù sínú ọkọ̀, àwọn olórin á sùn lórí ibùsùn inú bọ́ọ̀sì, ìlú mìíràn ni ilẹ̀ á mọ́ bá wọn. Òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ò sì jẹ́ kí dírẹ́bà wakọ̀ ju wákàtí 9 lọ lóòjọ́, àyàfi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó lè wà á dé wákàtí 10. Tó bá ti wà á fún wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Nítorí náà làwọn ìlú inú ìwé náà ṣe máa ń sún mọ́ra. Nítorí náà náà lo ṣe máa ń rí ọjọ́ tí wọn ò kọ nǹkan kan sí: ọjọ́ ọ̀nà jíjìn nìyẹn, tàbí ọjọ́ tí ẹni tó ń fi ọ̀fun ké ramúramù lálaalẹ́ fi ń sinmi ohùn rẹ̀.

Wá fi Èkó sáàárín Berlin àti London. Ọkọ̀ òfuurufú láti Yúróòpù sí Èkó ń gbà tó wákàtí mẹ́fà sí méje. Olórin márùn-ún àtàwọn òṣìṣẹ́ wọn, oníkálùkù máa gba físà. Gìtá, dráàmù àti ẹ̀rọ wọn máa san owó ẹrù, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ gìtá tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà, ìyẹn 120 fóltì (volts), ò lè gba 230 fóltì tiwa láìjẹ́ pé tiransifọ́mà wà láàárín. Kò sẹ́ni tó ń ṣe gbogbo ìyẹn fún alẹ́ kan ṣoṣo kó tún wà ní London lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń bọ̀ ní Èkó ní tòótọ́, wàá rí àlàfo ọjọ́ níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí King Sunny Adé kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1983, ìlú dé ìlú ni wọ́n ń lọ.

Ohun kejì tí mo wò ni ibi tí eré ti máa wáyé. Wọ́n kàn kọ "Ìkòròdú, Lagos" ni. Gbọ̀ngàn wo? Ìròyìn òótọ́ máa ń dárúkọ gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn náà á sì gbé e sórí ìkànnì tirẹ̀. Ẹnu méjì ló ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ìkẹta ni èyí tó máa ń dùn mí jù, torí mo fojú ara mi rí i. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkùnrin kan wá háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi fún ẹgbẹ́ òyìnbó kan tó ní ó ń bọ̀ wá ṣeré lágbègbè Sábó. Mo béèrè rider wọn. Rider ni ìwé tí ẹgbẹ́ máa ń fi ṣíwájú ara wọn, tí wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n nílò fún eré sí. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kan rí ò ní gbàgbé: ìlù ńlá ẹsẹ̀ fẹ́ gbohùngbohùn méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, ìlù kékeré ọwọ́ fẹ́ ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, gìtá òsì, gìtá ọ̀tún, béèsì, ohùn àkọ́kọ́, ohùn kejì. Wọ́n á ya pèpéle sí i, ibi tí oníkálùkù máa dúró sí, ibi tí iná gbọ́dọ̀ ti jáde. Wọ́n á kọ iye táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi tí kò tutù làwọn fẹ́. Ọkùnrin náà ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé wọ́n máa gbé gbogbo ẹ̀ wá. Mo gbà fún un, torí ó ti san àbọ̀ owó.

Lọ́jọ́ náà, a ti na wáyà tán, jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ làwọn ọmọ ti dúró sẹ́nu géètì, wọ́n mú ìwé tí wọ́n fi owó wọn rà dání. Fóònù ọkùnrin náà ò lọ mọ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá láti Ìjẹ̀dẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù dúdú tó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí fúnra rẹ̀. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ dáadáa, ó ti kan án lápá. Orí àpótí sípíkà mi ló jókòó sí títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò bá lè fi rider hàn mí, mi ò ní na wáyà kan fún un, ì báà san gbogbo owó. Ìwọ náà lè lò ó. Wá ẹni tí wọ́n ní yóò gbé ẹ̀rọ wá, kó o bi í bóyá ó ti rí rider.

Ní ti ibi tó o ti lè máa rí ìròyìn: ìkànnì ẹgbẹ́ olórin fúnra rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ lọ, ibi tí wọ́n ń to ọjọ́ eré sí. Lẹ́yìn ìyẹn, Bandsintown àti Songkick wà lórí fóònù; o kàn máa yan orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó o fẹ́ràn, yóò sì máa ta ọ́ lólobó tí wọ́n bá kéde ọjọ́ tuntun. Fi orúkọ sílẹ̀ fún ímeèlì wọn pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá máa ń kéde ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Àwọn tó ń tẹ̀ lé wọn á kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣí i fún gbogbo ayé, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́jọ́ Jímọ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀ ìlú ibẹ̀. Àwa kì í yí aago padà níbí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago London àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. New York máa ń fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa.

Máa wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìròyìn, torí nǹkan ń yí. Warped Tour, ìrìn-àjò eré àwọn ẹgbẹ́ punk tí Kevin Lyman dá sílẹ̀ ní 1995, máa ń yí Amẹ́ríkà ká lọ́dọọdún títí di 2018. Nígbà tó padà dé ní 2025, kò yí ká mọ́. Washington, Long Beach àti Orlando ló dúró sí, ọjọ́ méjì méjì. Ẹni tó bá fi orúkọ yẹn ta tíkẹ́ẹ̀tì ìlú ogójì fún ọ, ayé àtijọ́ ló ń tà.

Àwọn ẹgbẹ́ punk kéékèèké yàtọ̀ o, mi ò fẹ́ kó o fi òfin àwọn ńlá dá wọn lẹ́jọ́. Inú ọkọ̀ akérò kan ni wọ́n máa ń kó ara wọn àti ẹrù wọn sí, bí Black Flag ti ṣe ní nǹkan bí ọdún 1980 sí 1986. Wọ́n lè kéde lọ́sẹ̀ tí eré máa wáyé gan-an, kó sì jẹ́ ilé ọtí kékeré. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbowó. Fugazi tiẹ̀ gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìwọlé wọn má ju dọ́là márùn-ún lọ. Àsansílẹ̀ sínú àkáǹtì ẹnì kan ò sí nínú àṣà wọn, kò sì sí nínú ti àwọn ńlá. Ojú ìwé ẹgbẹ́ náà ló máa ń darí rẹ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ní ti Bàbá, fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Kò tọ́ sí ẹnikẹ́ni kí wọ́n lù ú ní jìbìtì nítorí ohun tó fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ Bad Brains tó wà lára àwọn tó dá irú punk tí wọ́n ń pè ní hardcore sílẹ̀ ní Washington, ọmọ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Ó sì ṣeé ṣe kí Bàbá rántí ẹgbẹ́ BLO, tó ń fi gìtá ké rara ní Èkó níbí láti 1972. Ní oṣù kẹfà, tí wọ́n bá ń ṣe Hellfest, àjọ̀dún orin metal, ní Clisson, nílẹ̀ Faransé, ìkànnì ARTE Concert máa ń gbé eré náà jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pè wọ́n kẹ́ ẹ jọ wò ó.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì tó fẹ́ san lọ́jọ́ Jímọ̀, má fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn nínú gúrúùpù, torí ẹni tó ń gbowó wà níbẹ̀. Pè wọ́n lónìí, lọ́kọ̀ọ̀kan.