Èsì: Ta ni Sullivan tí wọ́n fi sọ USS The Sullivans?

Ẹ ní ọ̀gágun wo ni Sullivan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yẹn. Kì í ṣe ọ̀gágun rárá o, ọmọ ìyá márùn-ún ni wọ́n: George, Francis, Joseph, Madison àti Albert, ará ìlú Waterloo ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní àfi káwọn jọ wà pa pọ̀ káwọn tó wọṣẹ́ ológun ojú omi. Inú ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Juneau ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jàpáànù rì í nítòsí Guadalcanal, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, November 13, 1942. Kò sí ìkankan tó padà wálé. Ìyá wọn, Alleta, ló ṣe ìfilọ́lẹ̀ ọkọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ wọn sọ, USS The Sullivans, ní April 1943. Ọkàn abiyamọ yẹn mà le o! Ìlú Buffalo ní New York ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí báyìí, àwọn èèyàn ń lọ wò ó. Omi tiẹ̀ ya wọ inú rẹ̀ ní 2022.